Lẹ́tà sáà yìí sí àwọn òbí: ẹ wá bá wa jókòó ìpàdé

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́, ẹ kú àmójútó. Sáà kejì ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ti gba ìwé, tíṣà sì ti wà ní kíláàsì gbogbo. Ẹ bá wa bá àwọn tó ń pẹ́ dé sọ̀rọ̀, agogo ò ní dúró dè wọ́n. Ohun tó mú kí lẹ́tà yìí gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ ni ètò tuntun kan tí a fẹ́ kí ẹ̀yin fúnra yín wá kópa nínú rẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ yìí ní ẹ̀tọ́ àti ojúṣe ọmọ ìlú. Wọ́n ń há a sórí, wọ́n sì ń gba máàkì. Ẹ bi wọ́n pé apá mélòó ni ìjọba pín sí, wọ́n á dá yín lóhùn kí ẹ tó pa ẹnu dé. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n yan olórí kíláàsì, ẹni tó lè pariwo jù ló máa ń wọlé. Nítorí náà, lẹ́ẹ̀kan lóṣù ní sáà yìí, ní ọjọ́ Sátidé, a ó ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ìjọba tiwantiwa, tí òbí, ọmọ, tíṣà àti ará àdúgbò tó bá fẹ́ yóò jọ jókòó sí. Kò sẹ́ni tó máa dúró níwájú ka ìwé fún yín. Ẹ̀yin gan-an lẹ máa ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a kọ́kọ́ dán an wò ní kíláàsì kan. A ní kí ọmọ 30 yan ohun kan ṣoṣo tí ilé-ẹ̀kọ́ yóò kọ́kọ́ tún ṣe: ibi ìkàwé, pápá ìṣeré, tàbí òrùlé ọ̀nà tó lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ibi ìkàwé ní ìbò 12, pápá ní 10, òrùlé ní 8. Àwọn tó dìbò fún ibi ìkàwé ti ń pàtẹ́wọ́ nígbà tí ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè. "Tíṣà, àwa 18 la ò mà dìbò fún ibi ìkàwé o." Tíṣà wọn ò jiyàn. Ó ní kí àwọn mẹ́jọ tí ìbò tiwọn kéré jù wá mú ọ̀kan nínú méjì tó kù. Gbogbo wọn mú pápá. Ni pápá bá di 18, ibi ìkàwé dúró sórí 12. Àwọn ọmọ kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni. Ìlànà ìdìbò nìkan ló yí padà, èyí tó wọlé sì yí padà.

Ariwo tó sọ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má wulẹ̀ bèèrè. Ṣùgbọ́n ariwo tó nídìí ni. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó yẹ kó gbé ìlànà kalẹ̀, àti bóyá ó tọ́ kéèyàn yí i padà lẹ́yìn tí a ti mọ ẹni tó ń borí. Ká sòótọ́, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kì í bèèrè ìyẹn. Láti ọdún 1785 ni Condorcet, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, ti fi hàn pé, bí ohun mẹ́ta bá wà láti yàn, ó ṣeé ṣe kí èyí tó pọ̀ jù nínú àwùjọ fẹ́ ohun àkọ́kọ́ ju èkejì lọ, kí wọ́n fẹ́ èkejì ju ẹ̀kẹta lọ, síbẹ̀ kí wọ́n tún fẹ́ ẹ̀kẹta ju àkọ́kọ́ lọ. A ó dán ìyẹn náà wò ní ìpàdé àkọ́kọ́. Ẹ mú bírò dání.

Ìpàdé kejì máa dá lórí ètò ìṣúná. Ní Porto Alegre, ní orílẹ̀-èdè Brazil, ọdún 1989 ni àwọn aráàlú bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó pinnu ohun tí wọ́n máa fi apá kan owó ìlú ṣe. Àwa náà máa pín iye owó kan lórí bébà, iye tí kò ní tó gbogbo ohun tí a fẹ́.

Ẹ̀kẹta, eré ni. Augusto Boal, ará Brazil kan náà, ló gbé irú eré tí òǹwòran lè dá dúró kalẹ̀, kí ó sì bọ́ síta gba ipò òṣèré. Nígbà tó wà nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú Rio de Janeiro, láti 1993 sí 1996, irú eré yìí ló fi ń gba àbá òfin lẹ́nu aráàlú, àwọn kan nínú rẹ̀ sì di òfin. Nínú eré tiwa, alága kan máa fẹ́ tú ìpàdé ká kí àwọn tó lòdì sí i tó sọ̀rọ̀. Ẹ ò ní rọ́pò alága o. Ẹni tí wọ́n fẹ́ pa lẹ́nu mọ́ ni kí ẹ rọ́pò, kí ẹ wo ohun tó lè ṣe. Ó rọrùn jù láti sọ alága burúkú di èèyàn rere lórí ìtàgé.

Àwọn kan ti ń bèèrè bóyá òṣèlú la fẹ́ kó wọ ilé-ẹ̀kọ́. Rárá. A ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, a ò sì ní gba olùdíje láàyè láti wá polongo. Ẹ fi fìlà àti aṣọ ẹgbẹ́ sílé. Ṣùgbọ́n a ò ní torí ìyẹn sá fún àríyànjiyàn. Bí ọmọ yín bá délé tó ní òun ò gbà pẹ̀lú yín lórí ọ̀rọ̀ kan, ẹ bi í pé kí ló rí, kí ẹ tó bá a wí.

Ìlànà kan wà tí mi ò ní yí padà: ní orí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, ti 1989, sọ ọ́ ní abala kejìlá pé ọmọ tó bá ti lè ní èrò tirẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́ lórí ọ̀rọ̀ tó kàn án, kí a sì kà á sí bí ọjọ́ orí àti òye rẹ̀ bá ṣe tó. Gbogbo wa la mọ òwe pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, a sì ń pa á dáadáa. Dídákẹ́ kí ọmọ sọ tirẹ̀ tán ló máa ń nira fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ojú bá wọn wí láti ibi tí ẹ jókòó sí.

Fọ́ọ̀mù wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí. Ẹ kọ orúkọ yín àti ti ọmọ yín sí i, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ kan tí ẹ fẹ́ kí ìpàdé àkọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò. Ẹ fi rán ọmọ sí tíṣà kíláàsì rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí. Àbá tí kò bá lórúkọ a ò ní kà á, ìbáà jẹ́ tèmi.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀gá Àgbà Ilé-Ẹ̀kọ́