Òfin Amẹ́ríkà kò fi ẹ̀sìn kankan jọba

Olóòtú tí mo bọ̀wọ̀ fún,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, nínú èyí tí òǹkọ̀wé yín ti sọ pé orí Bíbélì ni àwọn tó dá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà sílẹ̀ gbé òfin wọn kà, àti pé àwọn tó fẹ́ kí ìjọ àti ìjọba wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lónìí ń hú ìpìlẹ̀ tí àwọn baba wọn fi lélẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára gan-an, nítorí pé Kristẹni ni mí, mo sì gbà pé bí a óò bá fi ìtàn ti ìgbàgbọ́ wa lẹ́yìn, ìtàn náà gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́.

N kò ní bá òǹkọ̀wé yín jiyàn lórí ibi tí ó ti rí i sọ. Àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú omi Mayflower láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ tẹ̀ dó sí Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú àdéhùn wọn ní ọdún 1620 pé nítorí ògo Ọlọ́run àti ìtànkálẹ̀ ìgbàgbọ́ Kristẹni ni àwọn ṣe rin ìrìn àjò náà. Nígbà tí Amẹ́ríkà gba òmìnira, àwọn ìpínlẹ̀ kan ṣì ń fi owó orí ará ìlú bọ́ ìjọ. Ti Connecticut kò dópin títí di ọdún 1818, ti Massachusetts sì wà títí di ọdún 1833. Òfin tí Delaware ṣe ní ọdún 1776 tilẹ̀ ní kí ẹni tó bá fẹ́ di ipò mú kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé òun gba Mẹ́talọ́kan gbọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ohun tí àwọn ènìyàn gbà gbọ́ nínú ilé àti nínú ìjọ wọn, ọ̀tọ̀ sì ni ohun tí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ ìjọba àpapọ̀. Nígbà tí àwọn aṣojú péjọ sí Philadelphia ní ọdún 1787 láti kọ ìwé òfin, wọn kò tọ ọ̀nà tí Delaware tọ̀. Wọn kò tọ́ka sí Bíbélì níbì kankan nínú ìwé náà, wọn kò sì ké pe Ọlọ́run. Ibi kan ṣoṣo tí gbólóhùn “Olúwa wa” ti jẹ yọ ni ìsàlẹ̀ ìwé, níbi tí wọ́n kọ ọjọ́ àti ọdún sí, bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nígbà náà. Abala Kẹfà ló sọ ojú abẹ níkòó: a kò gbọdọ̀ wo ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni mọ́ ọn lára kí a tó fi í sí ipò lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Nígbà tí North Carolina ń jíròrò lórí òfin náà ní ọdún 1788, àwọn kan fi ẹ̀hónú hàn pé abọ̀rìṣà àti Mùsùlùmí lè tipa bẹ́ẹ̀ dé ipò àṣẹ. James Iredell, tó ń gbèjà òfin náà, kò sọ fún wọn pé kò lè ṣẹlẹ̀; ohun tó bi wọ́n ni bí a ṣe lè ti ẹnikẹ́ni sẹ́yìn láì ba òmìnira ẹ̀sìn jẹ́. Òǹkọ̀wé yín tún mẹ́nu ba Benjamin Franklin, ọ̀kan nínú àwọn aṣojú náà, ẹni tó dábàá pé kí ìpàdé Philadelphia máa fi àdúrà bẹ̀rẹ̀ láràárọ̀. Òótọ́ ni pé ó dá àbá náà. Ohun tí òǹkọ̀wé yín kò sọ ni pé àwọn yòókù kò gbà á wọlé.

Èyí tó dùn mí jù ni pé àpilẹ̀kọ náà sọ ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni pé àwọn aláìgbàgbọ́ ló lé ẹ̀sìn jáde kúrò nínú òfin. Inú Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n tọ́ mi dàgbà sí, n kò sì lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n dákẹ́. Ní Virginia, kí Amẹ́ríkà tó gba òmìnira, Ìjọ Áńgílíkà ni ìjọ ìjọba, àtẹni tó ń lọ síbẹ̀ àtẹni tí kò lọ ló sì ń san owó tí wọ́n fi ń bọ́ àwọn àlùfáà rẹ̀. Oníwàásù Onítẹ̀bọmi tí kò bá gba ìwé àṣẹ, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń jù ú sí. Àwọn mìíràn nínú wọn a máa wàásù láti ojú fèrèsé ẹ̀wọ̀n sí àwọn tó dúró níta. James Madison, tó wá di ọ̀kan nínú àwọn tó kọ ìwé òfin Amẹ́ríkà, rí èyí nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó sì fi ìbínú kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ọdún 1774. Lẹ́yìn òmìnira, Patrick Henry, olóṣèlú pàtàkì kan níbẹ̀, fẹ́ kí Virginia máa gba owó orí láti fi san owó àwọn olùkọ́ ẹ̀sìn Kristẹni. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ìjọ kan ṣoṣo ni owó náà ìbá wà fún, nítorí pé onítọ̀hún ló máa yan ìjọ tí ó fẹ́ kí owó tirẹ̀ lọ sí. Síbẹ̀, Madison kọ ìwé takò ó ní ọdún 1785, àwọn Onítẹ̀bọmi sì kó ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn wá láti kọ owó náà, títí tí àbá ọ̀hún fi wọlẹ̀. Ní ọdún 1786 ni òfin òmìnira ẹ̀sìn tí Thomas Jefferson kọ wá wọlé. Àwọn kan fẹ́ fi orúkọ Jésù Kristi sínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú òfin náà, àwọn tó pọ̀ jù kò sì gbà. Ẹni tó jìn sí kòtò ló kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n; àwọn tí ìjọ ìjọba ti fìyà jẹ ló mọ ìdí tí kò fi yẹ kí ìjọba ní ìjọ.

Láti ibẹ̀ ni Àtúnṣe Kìíní tí wọ́n ṣe sí ìwé òfin Amẹ́ríkà ní ọdún 1791 ti wá, èyí tó ní kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin má ṣe òfin tó fi ẹ̀sìn kan múlẹ̀ tàbí tó dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti ṣe ẹ̀sìn tirẹ̀. Ní ọdún 1797, àdéhùn tí Amẹ́ríkà bá Tripoli, ìlú àwọn Mùsùlùmí ní Àríwá Áfíríkà, ṣe dé iwájú àwọn aṣòfin àgbà. Abala kọkànlá rẹ̀ sọ pé ìjọba Amẹ́ríkà kò dúró lórí ẹ̀sìn Kristẹni lọ́nàkọnà, gbogbo aṣòfin àgbà tó dìbò fọwọ́ sí i láìsí ẹni tó takò ó, Ààrẹ John Adams sì buwọ́ lù ú.

Ní ti Òfin Mẹ́wàá tí òǹkọ̀wé yín pè ní ìyá òfin Amẹ́ríkà, ìpànìyàn, olè jíjà àti ẹ̀rí èké ni òfin ìjọba náà dá lẹ́bi níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí ìwọ̀nyẹn. Àṣẹ pé kí a má ní ọlọ́run mìíràn, èyí tó wà níwájú gbogbo wọn, ni Àtúnṣe Kìíní kò jẹ́ kí ìjọba fi ipá mú ẹnikẹ́ni pa mọ́. Gbólóhùn “Ọlọ́run ni a gbẹ́kẹ̀ lé” tí wọ́n kọ sára owó irin kò sì ti ọwọ́ àwọn tó kọ ìwé òfin wá. Ọdún 1864 ló kọ́kọ́ dé ara owó, nígbà tí ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, ọdún 28 lẹ́yìn tí Madison, ẹni tó kù gbẹ̀yìn nínú àwọn tó buwọ́ lu ìwé òfin náà, ti kú.

Mo bẹ yín, Olóòtú, kí ẹ tẹ Abala Kẹfà àti Àtúnṣe Kìíní jáde ní èdè Yorùbá ní ojú ewé kan náà tí àpilẹ̀kọ yẹn ti jáde, kí àwọn òǹkàwé lè fi ojú ara wọn rí ohun tó wà níbẹ̀ àti ohun tí kò sí níbẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín