Sátífíkéètì fáàsì-éèdì tó ti kú ló wà lára ògiri wa

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ilé búrẹ́dì kan nílùú Òṣogbo níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ó ti lé lọ́dún mẹ́jọ báyìí. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀ torí ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun, mi ò sì kọ̀wé yìí láti ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa, mo mọ̀ pé ó lè ṣẹlẹ̀ ní sọ́ọ̀mìlì, ó lè ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn wẹ́dà, ó lè ṣẹlẹ̀ ní búkà, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sí yín kí gbogbo ọmọ Òrókí lè bá wa gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ sátífíkéètì fáàsì-éèdì ni, ìyẹn ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún ẹni tó bá fara pa. Tẹ́ ẹ bá wọ ọ́fíìsì mánéjà wa nígbà yẹn, ẹ máa rí férémù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàléńdà, sátífíkéètì 3 ló wà nínú ẹ̀, orúkọ mi wà lára ọ̀kan. Ọdún 2019 ni wọ́n kó àwa 3 lọ fún tréníǹgì ọlọ́jọ́ méjì, a kúnlẹ̀ ti ọmọláńgidi rọ́bà, a tẹ̀ ẹ́ láyà, a di báńdéèjì mọ́ra wa lápá, inú wa dùn gan-an. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé náà gbàgàdà pé ọdún 2 ni yóò lò, ìyẹn ni pé látọdún 2021 ló ti ẹ̀kìsípáyà. Àwọn 2 tá a jọ lọ ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀kan wà n'Ìbàdàn, èkejì ti ní ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ ní Ìgbọ̀nà, síbẹ̀ ìwé wọn ṣì wà lára ògiri bí ẹni pé wọ́n ṣì ń jí wá síṣẹ́. Tí ẹnikẹ́ni bá wá yẹ ilé iṣẹ́ wò, férémù yẹn ni mánéjà máa nawọ́ sí, wọ́n á ní ó dáa, wọ́n á máa lọ.

Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù karùn-ún ọdún 2024, ṣíìfù alẹ́ la wà. Ọmọkùnrin tó ń bá wa din dónọ́ọ̀tì fẹ́ sún agbada kúrò lórí gáàsì, agbada yẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, òróró gbígbóná dà sí i lápá ọ̀tún láti ìgúnpá títí dé ọmọ ìka. Igbe tó ké, mo ṣì ń gbọ́ ọ létí mi títí dòní. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ wọ́n ti ṣù bò ó, ẹnì kan ń pariwo pé ẹ wá ẹyin tútù wá, ẹnì kan ti sáré lọ mú ọṣẹ ìfọyín, Ìyá àgbà tó máa ń po ìyẹ̀fun ti gbé ìgò epo pupa dé, wọ́n ti ń dà á. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, omi ni, ẹ jẹ́ ká mú un lọ sídìí táàpù." Ìyá yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ kó bó ni? Ta ló sọ fún ẹ pé wọ́n máa ń da omi sójú ibi tí iná jó?"

Mo dákẹ́. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, pé mo dákẹ́. Ọdún 5 ti kọjá lórí ohun tí wọ́n kọ́ mi, mo mọ̀ pé omi ni, àmọ́ mi ò rántí mọ́ bóyá omi lásán ni àbí omi yìnyín, bóyá ìṣẹ́jú kan ni àbí wákàtí kan, mo wá ń rò ó pé tí mo bá ṣì í ńkọ́, tí apá ọmọ ọlọ́mọ bá bó sí mi lọ́wọ́ ńkọ́. Ẹni tí ohun tó fẹ́ sọ ò dá lójú ò lè bá àgbà jiyàn lóru, níbi táwọn èèyàn ti ń sunkún. Bí epo ṣe borí omi nìyẹn.

Àpótí fáàsì-éèdì wa wà lókè lára ògiri lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, funfun tó ní àgbélébùú aláwọ̀ ewé, ó sì wà ní títì pa. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà nínú àpò mánéjà, mánéjà sì ti lọ sílé látaago méje. Ìdí tí wọ́n fi ń tì í ni pé àwọn kan máa ń mú pílásítà lọ sílé. Ọ̀kadà la fi gbé ọmọ yẹn lọ sí ọsibítù, èmi ni mo jókòó sẹ́yìn ẹ̀, epo àti ẹyin ń kán sí mi láṣọ. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá ò tiẹ̀ kọ́kọ́ bá wa wí, ó mú omi iyọ̀ àti òwú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu epo kúrò díẹ̀díẹ̀ kó tó lè rí ojú egbò, gbogbo ìgbà tó bá sì fà á báyìí ni awọ ń bá òwú wá, ọmọ náà fi eyín di kọ́là ẹ̀wù ẹ̀ mú. Ìgbà tó ṣe tán ló tó wojú mi, ó ní, "Àǹtí, 20 ìṣẹ́jú lábẹ́ omi táàpù, kẹ́ ẹ tó gbé e kúrò nílé, òun nìkan lẹ ò ṣe." Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, egbò náà san, àmọ́ ọmọ ìka ẹ̀ 2 ò nà tán mọ́. Kò lè di agbada mú mọ́, ó ti kúrò lọ́dọ̀ wa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mánéjà ṣí àpótí náà. Sípíríìtì inú ẹ̀ ti gbẹ tán, báńdéèjì kan ṣoṣo, sísọ́ọ̀sì ò sí, ìbọ̀wọ́ ti lẹ̀ mọ́ra wọn, rìsíìtì búrẹ́dì ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Àtìgbà yẹn ni mo ti ń bi ara mi pé kí ló dé tí wọ́n máa ń fi ọjọ́ sí sátífíkéètì yìí ná. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé owó ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa lẹ́ẹ̀kan sí i, mo gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ọwọ́ máa ń gbàgbé o. Àwọn tó ṣèwádìí ẹ̀ ní orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi ti dán àwọn tó ti gba tréníǹgì títẹ àyà wò, wọ́n rí i pé láàárín oṣù díẹ̀ péré lọwọ́ wọn ti ń ṣì í, kó tiẹ̀ tó pé ọdún. Ẹ sì wo bí iṣẹ́ yẹn ṣe rí, ẹni tí ò mí mọ́, tẹ́ ẹ máa tẹ àyà ẹ̀ nígbà 30, kẹ́ ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu nígbà 2, ìtẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5, kó má ju 6 lọ, kó sì yára tó 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Àyàn tó gbé dùndún kọ́ fún ọdún 2 láìfọwọ́ kàn án, tí wọ́n bá pè é sóde lójijì, ẹ máa gbọ́ ọ lára ìlù ẹ̀, ẹ wá wo ẹni tó jẹ́ pé ọjọ́ kan ṣoṣo ló fi tẹ ọmọláńgidi láyé ẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ni gan-an tún máa ń yí padà. Ẹni tó kọ́ títẹ àyà ṣáájú ọdún 2005, 15 sí 2 ni wọ́n kọ́ ọ, ọdún yẹn ni wọ́n yí i sí 30 sí 2. Nígbà tó di 2010, àwọn ará Amẹ́ríkà tún ní ká má kọ́kọ́ máa fẹ́ atẹ́gùn mọ́, àyà ni ká kọ́kọ́ máa tẹ̀ fún àgbà. Ẹni tí ò rínìú, ti ayé àtijọ́ ló ṣì máa ṣe, pẹ̀lú ọkàn rere ẹ̀. Lọ́dọ̀ Red Cross ti Amẹ́ríkà, ọdún 2 ni sátífíkéètì máa ń lò. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ọdún 3 ni ti àwọn òṣìṣẹ́, àmọ́ ìjọba wọn tún ń gba ilé iṣẹ́ níyànjú pé kí wọ́n máa ṣe ìránnilétí ìdajì ọjọ́ lọ́dọọdún kí ọdún 3 tó pé. Ṣebí àwa náà ń rínìú láíséǹsì mọ́tò, ọdún 3 tàbí 5, a ò bínú sí i.

Àwọn ọ̀gá á ní tá a bá náwó kọ́ wọn tán wọ́n á lọ. Òótọ́ ni, wọ́n máa lọ, wọ́n lọ lọ́dọ̀ tiwa náà. Àmọ́ ẹni tẹ́ ẹ ò kọ́, tó bá dúró ńkọ́? Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ fojú àánú wò ó, owó tí ilé iṣẹ́ fi ń ra ìyẹ̀fun lọ́jọ́ kan péré, mi ò rò pé owó tréníǹgì èèyàn mélòó kan jù ú lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí òṣìṣẹ́ máa fi owó oṣù ẹ̀ san án, iṣẹ́ yín ló fẹ́ fi ṣe. Òfin àwọn ilé iṣẹ́ ìṣelọ́pọ̀ nílẹ̀ wa tí wọ́n ń pè ní Factories Act ti sọ ọ́ tipẹ́ pé àpótí fáàsì-éèdì gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ ti máa tètè tó o, kí ẹnì kan sì máa bójú tó o. Àpótí tí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ sùn sílé mánéjà, ọwọ́ ta ló máa tó o?

Ohun kan tún wà tó ń bí mi nínú. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn, ẹnì kan wá bá mánéjà wa pé òun lè bá a gba sátífíkéètì èèyàn 10 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kúrò nídìí iṣẹ́, kó sáà fi orúkọ àti owó ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo bẹ mánéjà pé ẹ̀yin ẹ má ṣe é, tó bá jẹ́ pé ìwé ló ń gba ẹ̀mí là, ṣé férémù tó wà lára ògiri ò pọ̀ tó ni? Ẹ lọ síbi tí wọ́n á ti ní kẹ́ ẹ kúnlẹ̀, kẹ́ ẹ làágùn. Red Cross ti Nàìjíríà wà, látọdún 1960 ni òfin ti gbé wọn kalẹ̀, wọ́n máa ń kọ́ èèyàn.

Ẹ jẹ́ kí n tún ya sọ́dọ̀ àwọn ìyá wa tó ń pa aró, torí Òṣogbo ìlú aró la wà, ọ̀rọ̀ wọn sì ń jẹ mí lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ wọn ò ní mánéjà kankan, àwọn àti ọmọ iṣẹ́ wọn ni, kọ́sítíìkì, ìyẹn kẹ́míkà tó máa ń jó ara, sì wà nínú ìkòkò wọn. Tó bá ta sí èèyàn lójú, mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń fún ọmú sí i, mo ti rí ibi tí wọ́n ti fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, omi tó mọ́ ni, kẹ́ ẹ dà á sí i kó máa ṣàn bọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ la ìpéǹpéjú ẹ̀, 20 ìṣẹ́jú ó kéré tán, kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹgbẹ́ aládìrẹ tó ń ṣèpàdé tó sì ń dá èsúsú, ó lè dá owó tréníǹgì náà, kí wọ́n kọ́ èèyàn 2 nínú àgbàlá kọ̀ọ̀kan. Bákan náà ni tàwọn wẹ́dà tí iná máa ń gbé, kẹ́ ẹ pa iná ná kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan onítọ̀hún. Ẹni tí wárápá gbé, ẹ má ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ kó nǹkan tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí, tó bá ti dáwọ́ dúró kẹ́ ẹ yí i kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Tiwa ti yàtọ̀ díẹ̀ báyìí, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn náà torí òótọ́ ni. Mánéjà sanwó fún èèyàn 5 lóṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ó fi 2 sí ṣíìfù alẹ́, 2 sí àárọ̀, 1 sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbé búrẹ́dì lọ fún oníbàárà. Ó já àgádágodo kúrò lára àpótí. Tí pílásítà bá tán, a máa ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń rà á, kò tíì tán lọ́nà àìtọ́ látìgbà yẹn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù, kí ṣíìfù tó bẹ̀rẹ̀, a máa ń fi ìṣẹ́jú 15 ṣe é lórí àpò ìyẹ̀fun, ẹnì kan á ka 1 dé 30, ẹnì kan á tẹ̀ ẹ́.

Ìyá àgbà wà lára àwọn 5 yẹn. Lóṣù kejì ọdún yìí, ọmọbìnrin kan fọwọ́ kan páànù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ófùnù, kí n tó yíjú Ìyá ti fà á dé ìdí táàpù, wọ́n di ọrùn ọwọ́ ẹ̀ mú lábẹ́ omi, wọ́n gbójú sókè sí agogo ara ògiri. Ọmọ náà ń sunkún pé ó ti tó, pé òtútù ti ń mú òun. Ìyá ní, "Ó ku 8."

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2026 ni sátífíkéètì tuntun yìí máa ẹ̀kìsípáyà. Mo ti sọ fún mánéjà, a ti yọ férémù àtijọ́ kúrò, a sì ti fi àwọ̀ pupa kọ déètì náà sára ògiri níbẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òṣìṣẹ́ búrẹ́dì kan,
Òkè-Báálẹ̀, Òṣogbo.