Ọkùnrin kúkúrú ará Ogden

Ìbàdàn,
Ọjọ́ 9, oṣù kejì.

Akin, ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù o. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Lẹ́tà rẹ dé, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Ibi tí o ti ní ọkọ̀ ojú irin tí o ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀ ń dé Ogden, ní Utah níbẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti dúró. O ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọmọ ìlú náà kan, agbábọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì, ti gbà mí lọ́kàn láti ọjọ́ mélòó kan.

Wataru Misaka lorúkọ rẹ̀, Wat ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1923 ni wọ́n bí i. Japan ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Onígbàjámọ̀ ni bàbá rẹ̀, ní 25th Street, abẹ́ ṣọ́ọ̀bù tó ti ń gẹrun náà ni gbogbo wọn sì ń sùn. Ọmọ ọdún 15 ni Wat nígbà tí bàbá kú. Ìyá fẹ́ kó àwọn ọmọ padà sí Hiroshima. Wat ní kí wọ́n máa lọ, òun ò lọ síbì kankan. Ni ìyá bá jókòó.

Ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 7 ni gíga rẹ̀. Ṣé o rántí kóòṣì básíkẹ́ẹ̀tì wa nílé ẹ̀kọ́, tó ní kí n lọ jókòó máa kọ àmì ayò sílẹ̀ torí pé mi ò ga? Ó wù mí kí n fi fọ́tò Wat hàn án. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe mímì adìẹ. Lọ́dún 1944, òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Utah gba ife básíkẹ́ẹ̀tì NCAA, ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ní New York. 42 sí 40 ni wọ́n fi na Dartmouth, lẹ́yìn àfikún àkókò. Bẹ́ẹ̀ Amẹ́ríkà àti Japan ń jagun o! Ìjọba Amẹ́ríkà ti kó àwọn ọmọ Japan tó ń gbé létí òkun ìwọ̀ oòrùn sínú àgọ́ oníwáyà. Ọ̀kan nínú àwọn àgọ́ náà, Topaz, wà ní Utah tí o wà yẹn. Àṣẹ náà kò dé Ogden ni wọn ò fi kó ilé Wat. Bí wọ́n ṣe gbé ife délé, tí ìlú ń yọ̀ mọ́ wọn, ìyá rẹ̀ na ìwé kan sí i: wọ́n ti pè é sí iṣẹ́ ṣọ́jà.

Ogun ti parí kó tó dé Japan. Hiroshima ni wọ́n rán an lọ, kó máa fọ̀rọ̀ wá àwọn tí bọ́ǹbù átọ́míìkì kò pa lẹ́nu wò. Hiroshima kan náà tí ìyá rẹ̀ fẹ́ kó wọn lọ! Alẹ́ ọjọ́ tí mo ka ibẹ̀, mi ò lè kàwé mọ́.

Ó padà sílé ẹ̀kọ́, ó padà sórí pápá. Ní oṣù kẹta 1947, Utah bá Kentucky pàdé nínú àṣekágbá NIT, ìdíje àwọn yunifásítì mìíràn, wọ́n sì ní kí Wat máa ṣọ́ Ralph Beard, ìràwọ̀ Kentucky. Akin, àmì ẹyọ kan ni Beard rí jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà! 49 sí 45, Utah gbé e lọ. Bí Knicks, ikọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì olówó oṣù ti New York, ṣe mú un nìyẹn.

BAA ni wọ́n ń pe ìdíje tí Knicks ń gbá nígbà yẹn, 1946 ni wọ́n dá a sílẹ̀, òun ló di NBA lọ́dún 1949. Títí di 1950, kò sí adúláwọ̀ kankan níbẹ̀. Wat ni ẹni àkọ́kọ́ tí kì í ṣe òyìnbó. Ọdún 1947 yẹn náà ni Jackie Robinson, adúláwọ̀ tó ń gbá baseball, bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù tirẹ̀ ní Brooklyn, nínú ìlú kan náà, ọmọdé ilé ẹ̀kọ́ pàápàá sì mọ orúkọ Robinson lónìí.

Eré mẹ́ta ni Wat gbá. Àmì 7 ló jẹ. Ọdún 1947 ò tíì parí tí wọ́n fi ní kó máa lọ, wọ́n ní àwọn tó ń gbá ipò rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ó tán.

Inú bí mi, Akin. Nígbà tó yá ni mo rí i pé inú tèmi ń bí ju ti ẹni tí wọ́n lé lọ. Ikọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì Harlem Globetrotters ní kó wá bá àwọn gbá bọ́ọ̀lù, àwọn máa sanwó. Ó kọ̀. Ó wọkọ̀ padà sí Utah, ó parí ẹ̀kọ́ ẹnjiníà rẹ̀, ó ṣiṣẹ́ ẹnjiníà ní Salt Lake City títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kò bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́ eré mẹ́ta yẹn. Ọdún 2019 ló kú, lẹ́ni ọdún 95. Èmi tí kóòṣì lé ní kíláàsì kẹrin, mo ṣì ń bá a jà títí di òní, ìwọ náà sì mọ̀.

Bí o bá ráyè lọ́jọ́ Sátidé, sọ̀ kalẹ̀ ní Ogden, kí o ya fọ́tò 25th Street ránṣẹ́ sí mi. Ìyàwó mi ní kí n bi ọ́ bóyá èlùbọ́ tí a fi rán àbúrò rẹ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Èmi ni,
Dúró