Ta Ló Ní A Ò Gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì?

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Inú ló ń bí mi tí mo fi jókòó kọ ìwé yìí, nítorí náà ẹ má ṣe bínú bí ohùn mi bá le. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ọmọ mi obìnrin pè mí sí ìdí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ wá wo nǹkan." Fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ni, iṣẹ́ kíkọ́ àwọn ọmọdé ní Gẹ̀ẹ́sì ní Gúúsù Kòríà. Wọn ò kọ́kọ́ béèrè ibi tó kàwé dé, wọn ò béèrè ọdún tó ti fi ṣiṣẹ́. Páásípọ́ọ̀tù ìlú wo lo ní? Ìyẹn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Orúkọ méje ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀: Amẹ́ríkà, ìlú Ọba, Kánádà, Áílándì, Ọsirélíà, New Zealand àti Gúúsù Áfíríkà. Òfin físà wọn ló sọ bẹ́ẹ̀. Tiwa ò sí níbẹ̀. Ọmọ náà pa kọ̀ǹpútà dé, ó lọ sùn láìjẹun.

Ọmọ yìí gboyè nínú Gẹ̀ẹ́sì, ó gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ lé e, ó sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ SS1 sí SS3 fún ọdún mẹ́fà níbí n'Íbàdàn. Èmi tí mo bí i, ọdún 32 ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì kí n tó fẹ̀yìntì. Ṣọ́ọ̀kì ló bọ́ ilé wa. Ta ló wá ní a ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì?

Ẹnì kan lè ní ilé onílé ni Kòríà, ẹni tó wù wọ́n ni wọ́n á gbà. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo Gúúsù Áfíríkà tó wà nínú méje yẹn. Àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀ nínú ilé lọ́hùn-ún kò tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá. Zulu ń sọ Zulu, Xhosa ń sọ Xhosa, bí àwa náà ṣe ń sọ Yorùbá. Ohun tí àwọn ará Kòríà ń gbà lọ́wọ́ wọn ni lẹ́tà ilé ìwé pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wọn. Lẹ́tà lásán! Ṣé Nàìjíríà ni a ò ti ní rí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń na ọmọ nítorí pé ó sọ fanákúlà, ìyẹn èdè abínibí, nínú ọgbà ilé ìwé? Èmi gan-an jẹ ẹgba fanákúlà. Mo sì tún na ọmọ ẹlòmíràn nítorí rẹ̀ nígbà tí mo di tíṣà, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ọ̀rọ̀ fanákúlà yìí ló ń dùn mí wọra. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ ní èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kọkànlá 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa lò láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Ó dáa. A ti lé Yorùbá jáde nítorí àlejò. Kí ẹ wá bá wa bi àlejò náà léèrè pé ibo ló fẹ́ mú wa dé, nítorí ẹnubodè ló ti ń já wa sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi Kòríà sílẹ̀, ká lọ bá ẹni tó ni èdè. Ní oṣù kejì 2023, àwọn ará England ṣílẹ̀kùn fún olùkọ́ láti orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án, Nàìjíríà sì wà nínú wọn, pé wọ́n lè gba àṣẹ olùkọ́ lọ́dọ̀ àwọn láì tún ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kàwé. Ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀ nílé wa. Ìgbà tí a kà á dé ìsàlẹ̀ la rí i pé olùkọ́ ìṣirò, ti sáyẹ́ǹsì àti ti èdè ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ń wá lọ́dọ̀ wa. Ìyẹn ni pé ká ní ọmọ mi kàwé gboyè nínú Faransé ni, ilẹ̀kùn ì bá ṣí. Gẹ̀ẹ́sì ló jẹ̀bi. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, èmi náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Àwọn ará ìlú Ọba yìí kan náà ní ìwé kan tí wọ́n to orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè sí, tí ọmọ ibẹ̀ kò ní láti ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì nítorí físà. Jàmáíkà wà níbẹ̀, Guyana wà níbẹ̀, Malta pàápàá wà níbẹ̀. Kò sí ẹyọ orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan. Àfi kí ọmọ wa lọ ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní IELTS, tàbí kó sanwó fún àwọn tí yóò bá a jẹ́rìí pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ ní yunifásítì. Owó oṣù mẹ́ta tí ọmọ mi ń gbà kò tó o san IELTS. Tó bá sì pé ọdún méjì, èsì ìdánwò náà ti kan bí ẹ̀kọ àná, kó tún lọ ṣe òmíràn. Ṣé ó ti gbàgbé Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ́ ọmọ lójoojúmọ́ ni?

Síbẹ̀ kì í ṣe òyìnbó ni mo fẹ́ bá jà. Àwọn tiwa tó jókòó sínú ọ́fíìsì l'Ábùjá ni. Oṣooṣù ni wọ́n ń wọ bàálù, agbádá wọn á gba ìjókòó méjì, wọ́n á lọ bọ àwọn ènìyàn lọ́wọ́ níbi ìpàdé lókè òkun, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á padà. Ta ló bá wa débẹ̀ béèrè pé kí ló dé tí ẹ ní a ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì? Àwọn ọ̀dọ́ ló gbé ìwé ẹ̀hónú kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa IELTS ní 2021. Àwọn ọ̀gá ń wò wọ́n níran ni.

Ẹ wo Zimbabwe, tí a máa ń fi ṣe ẹlẹ́yà pé owó wọn ò níyì. Rùwáńdà pa Faransé tì nílé ìwé ní 2008, ó mú Gẹ̀ẹ́sì, ó wá ń wá olùkọ́. Zimbabwe bá wọn tọwọ́ bọ̀wé ní 2021, nígbà tó di 2022 olùkọ́ wọn ti dé Kigali. Nibo ni tiwa wà? Tógò àti Gabon, àwọn elédè Faransé, wọ ẹgbẹ́ Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì ní 2022. Tógò kò jìnnà sí Bàdágìrì. Ṣé òyìnbó láti Ọsirélíà ni yóò wá kọ́ wọn?

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe nìyí, kì í sì í ṣe nǹkan tuntun. Ní 1987, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, Nàìjíríà dá ètò Technical Aid Corps sílẹ̀. Wọ́n ń fi dókítà, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ ránṣẹ́ fún ọdún méjì sí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Kàríbíánì àti Pàsífíìkì. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì bá wọn lọ sí Gáḿbíà. Títí dòní ni àwọn tó kọ́ níbẹ̀ ṣì ń pè é lórí fóònù. Kí wọ́n ya apá kan sọ́tọ̀ nínú ètò yìí fún olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Kí wọ́n kó wọn lọ sí Lomé ní Tógò, Libreville ní Gabon àti Kigali ní Rùwáńdà. Kí ìlú tó gbà wọ́n fún wọn nílé, kí ìjọba wa fún wọn lówó. Bí ọdún méjì bá pé, kí wọ́n gbàwé ẹ̀rí tí orílẹ̀-èdè méjèèjì fọwọ́ sí. Bí irú wọn bá ti pọ̀ nílẹ̀, kí àwọn alágbádá wa wá gbé ìwé wọn lé tábìlì àwọn ará Kòríà.

Kì í ṣe àlá ni mo ń lá. Ọmọ aládùúgbò mi kan wà ní Àjàṣẹ́ lọ́hùn-ún, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tó ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Faransé ni ilé ìwé ń lò, àmọ́ bí gírámà bá ta kókó, Yorùbá ló máa ń fi tú u fún àwọn tó gbọ́ ọ nínú wọn. Kò sẹ́ni tó bi í ní IELTS. Ṣùgbọ́n òun ló dá ara rẹ̀ lọ, kò sí ìwé ìjọba kankan lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá lé e lọ́la, ó tán.

Kí wọ́n tún mú àwọn ajẹ́ńtì tó ń gbówó lọ́wọ́ ọmọ wa láti fi mú wọn jápa. Kí wọ́n sì fi kún owó olùkọ́, bóyá wọn ò tilẹ̀ ní fẹ́ lọ.

Oṣù márùn-ún sẹ́yìn ni ọmọ mi ti béèrè lẹ́tà ìjẹ́rìí lọ́wọ́ ọ́fíìsì kan, pé olùkọ́ tòótọ́ ni. Lónìí, nẹ́tíwọ̀kì ò sí. Lọ́la, ọ̀gá tó ń fọwọ́ sí i lọ sí sẹ́mínà. Lọ́jọ́ kẹta, "Àǹtí, ẹ rí nǹkan fún wa ká fi mu omi." Fáìlì náà ṣì wà lọ́dọ̀ yín, ẹ̀yin tí mo ń bá wí. Aláwọ̀ ewé ni, okùn pupa ni mo fi dì í. Ẹ bá mi wo ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù.

Èmi ni,
Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.