Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí Fóìlì Ẹ̀yìn Rédíétọ̀

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí Fèyí. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà ní Abẹ́òkúta níbí. Wọ́n ti kan páànù tí ìjì ṣí lórí ilé ìdáná padà, àbúrò rẹ sì yege nínú ìdánwò rẹ̀. Ohun tí ó mú mi kọ̀wé ni ọ̀rọ̀ tí àǹtí rẹ ti London bá mi sọ, pé nígbà tí wọ́n wá kí yín ní Leeds, inú kóòtù ni wọ́n bá ìwọ àti ọmọ nínú pálọ̀, tí rédíétọ̀, irin ara ògiri tí omi gbígbóná ń gba inú rẹ̀ kọjá láti mú yàrá gbóná, kò gbóná rárá, tí o sì ń fi fóìlì, bébà irin tí ń dán, tí o lẹ̀ mọ́ ògiri ẹ̀yìn gbogbo rédíétọ̀ ilé hàn wọ́n, pé òun ni kò ní jẹ́ kí ẹ máa tan hítà púpọ̀ mọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń pè ọ́, o kò gbé e. Ṣé inú òtútù ni ẹ ń sùn ni?

N kò bá fóìlì náà jà. Nígbà tí mo ń bójú tó àwọn ilé àyágbé ní Leeds, mo rí i lẹ́yìn ọ̀pọ̀ rédíétọ̀, mo sì mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ooru rédíétọ̀, afẹ́fẹ́ ni ó ń bá gòkè tí ó fi ń yí yàrá ká, fóìlì kò sì ní ohun púpọ̀ í ṣe sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyókù ń tàn jáde lára irin náà, èyí tí ó bá sì gba ẹ̀yìn jáde, ògiri ni yóò kàn. Bí ògiri yẹn bá jẹ́ ògiri ìta, tí ó jẹ́ bíríkì lásán tí kò sí ohun tí yóò dá ooru dúró nínú rẹ̀, yóò fa ooru náà mu, yóò sì gbé e jáde sí òpópónà, omi inú agbọ̀n sì ni owó gáàsì yín dà nìyẹn. Ibẹ̀ gan-an ni fóìlì ti wúlò, nítorí pé ó ń dá ooru padà sínú yàrá kí ògiri tó gbà á. Ohun tí Energy Saving Trust, àjọ tí ń gbani nímọ̀ràn lórí bí a ṣe ń dín iná àti gáàsì kù, náà ń sọ fún àwọn ará Britain nìyẹn, pé ẹ̀yìn rédíétọ̀ tí ó wà lára irú ògiri ìta bẹ́ẹ̀ ni ó ti ń ṣiṣẹ́ jù.

Nítorí náà, bọ́ síta kí o wo bíríkì ilé yín dáadáa. Bí o bá rí i pé bíríkì gígùn kan wà, tí orí kúkúrú kan tẹ̀ lé e, tí gígùn tún tẹ̀ lé e lórí ìlà kan náà, ògiri yín kò ní àlàfo nínú nìyẹn, bí ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1920 ti rí. Bí ó bá jẹ́ gígùn nìkan ni wọ́n tò, ó ṣeé ṣe kí àlàfo wà láàárín ògiri méjì. Bí o bá sì tún rí ojú ihò kéékèèké tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì dí káàkiri, wọ́n ti fi nǹkan kún àlàfo yẹn, èrè fóìlì kò sì ní tó nǹkan. Èyí tí o lẹ̀ mọ́ ògiri tí ó wà láàárín pálọ̀ àti kíṣìnì kò ní èrè kankan, nítorí inú ilé yín náà ni ooru ibẹ̀ ń lọ. Má sì jẹ́ kí fóìlì fara kan irin rédíétọ̀, kí ojú tí ń dán kọ sí i, kí o sì máa nu eruku rẹ̀, nítorí dídán yẹn ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n, Àbẹ̀kẹ́, fóìlì kì í dáná. Èyí tí rédíétọ̀ bá fún un ni ó ń dá padà, rédíétọ̀ tí ẹ kò tàn kò sì ní ohun tí yóò fún un. Àní nínú ilé tí ó bá a mu jù lọ, díẹ̀ ni ó ń bù kúrò nínú owó gáàsì. Báwo ni ìwọ tí o kàwé tó báyìí ṣe máa lẹ fóìlì tán, kí o wá pa hítà? Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Fèyí! Ìwọ̀n 18 lórí tẹmómítà ni ìjọba Britain ní kí ilé má tutù jù. Ṣé ó ń wúkọ́? Bí ó bá ń wúkọ́, má fi pa mọ́ fún mi.

Mo mọ ibi tí o ti kọ́ ọ. Ní àwọn ọdún tí a gbé Leeds, èmi ni mo máa ń pa hítà tí màmá rẹ bá ti tàn án, tí mo máa ń ní kí ẹ wọ súwẹ́tà, nítorí mo fẹ́ fi owó sìmẹ́ńtì ránṣẹ́ sílé. O wúkọ́ jálẹ̀ ìgbà òtútù kan, mo sì ń ra sìmẹ́ńtì. Inú ilé tí mo fi owó náà kọ́ ni mo jókòó sí tí mo ń kọ lẹ́tà yìí, màmá rẹ kò sì tíì yé rán mi létí ikọ́ yẹn. Òun ló tọ̀nà. Ọmọ mi, má bínú sí mi.

Bí ẹ bá fẹ́ dín owó kù, ẹ ká kọ́tìnì kúrò lórí rédíétọ̀, ẹ fa àga gígùn síwájú kí ooru lè ráyè jáde, ẹ sì yí rédíétọ̀ yàrá tí ẹnikẹ́ni kì í sùn sí wálẹ̀. Bí bọ́ílà yín, ẹ̀rọ tí ń fi gáàsì mú omi gbóná, kò bá ní táǹkì omi gbígbóná, ẹ dín omi tí ó ń rán sí rédíétọ̀ kù sí ìwọ̀n 60. Yóò pẹ́ díẹ̀ kí yàrá tó gbóná, ṣùgbọ́n gáàsì tí yóò jó kò ní pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀. Ẹ má sì máa sá aṣọ tútù sórí rédíétọ̀ láìṣí fèrèsé, nítorí omi rẹ̀ ni ó ń lọ bà lé ògiri tútù tí nǹkan dúdú bíi ti búrẹ́dì tó bu fi ń hù níbẹ̀. Ìwọ náà gbọ́ nípa ọmọ ọdún méjì tí ó kú ní Rochdale ní 2020, tí olùwádìí ikú sọ ní 2022 pé irú nǹkan dúdú bẹ́ẹ̀ tí ó bo ilé wọn ni ó fa ikú rẹ̀. N kò lè sùn bí mo bá rántí rẹ̀.

Owó tí o kò fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá, má fi ránṣẹ́ mọ́, títí ìgbà òtútù yóò fi kọjá. Mítà gáàsì ni kí o san án sí. Ra tẹmómítà sí yàrá Fèyí, kí o pè mí lọ́jọ́ Àìkú, kí o sì sọ iye tí o bá lójú rẹ̀ láàárọ̀ fún mi.

Èmi ni bàbá rẹ.