Ẹ bá wa sọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀dá tíntìntín abẹ́ yìnyín

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti ń sọ pé yìnyín ń yọ́ ní ìpẹ̀kun ayé, lórí rédíò ni o, lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni o, fọ́tò béárì funfun ni wọ́n máa ń gbé síta, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ó máa ń dùn mí gan-an. Èyí tó yẹ kó kọ wá lóminú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, ojú lásán ò lè rí i, inú omi abẹ́ yìnyín yẹn ló wà, àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí wọ́n ń pè ní plankton. Síbí kékeré kan tẹ́ ẹ bá bù nínú òkun, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló lè wà níbẹ̀. Àwọn tó jẹ́ irú ewéko nínú wọn, tá a bá kó gbogbo òkun ayé pọ̀, àwọn ló ń ṣe bí ìdajì gbogbo iṣẹ́ fífi oòrùn se oúnjẹ tó ń lọ láyé, iṣẹ́ yẹn náà ló sì ń mú ọ́síjìn jáde. Wọn ò wá dá gbé o. Ta ló ń jẹ ta, ta ló ń jí ti ta, ta ló ń bọ́ ta, ìyẹn ló gbé òkun ibẹ̀ ró, ìyẹn náà sì ni yìnyín tó ń yọ́ máa kọ́kọ́ dà rú kó tó kan béárì kankan.

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ ọ̀kan nínú wọn dáadáa, torí ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa ẹ̀, ẹnu yà mí. Mesodinium rubrum lorúkọ ẹ̀. Ó wà nínú òkun káàkiri, àmọ́ àwọn tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi mọ ìwà ẹ̀ jù, McMurdo Sound ní Antakítíkà, ní ìpẹ̀kun gúúsù ayé, ni wọ́n ti bu wọ́n. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo ara ẹ̀, irun wẹ́wẹ́ wà lára ẹ̀ tó fi ń wẹ̀, ó sì yára débi pé tẹ́ ẹ bá ń fi máíkírósíkóòpù wò ó, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú ó ti fò kúrò níbi tẹ́ ẹ ti ń wò ó. Àwọ̀ ẹ̀ pọ́n, tó bá pọ̀ gan-an ó lè sọ omi di pupa. Kì í ṣe ewéko, kò ní nǹkan tó lè fi se oúnjẹ látinú oòrùn, síbẹ̀ ó ń sè é, torí pé olè ni. Ewéko omi kan wà tó ń jẹ́ Geminigera cryophila, inú òtútù lòun náà ń gbé, òun ni Mesodinium máa ń mú, tó bá ti gbé e mì kì í jẹ ẹ́ tán, ó máa yọ chloroplast ẹ̀ sọ́tọ̀, ìyẹn ibi tí ewéko ti ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ, á tọ́jú ẹ̀ sínú ara tiẹ̀, á wá máa jẹ èrè ẹ̀. Ọdún 2000 ni wọ́n gbé ìyẹn síta. Nígbà tó di 2007 ni wọ́n tún wá rí i pé olè yẹn ò fi mọ síbẹ̀, ó ń jí nucleus ewéko náà mọ́ ọn, ibi tí DNA ẹ̀ wà, nucleus yẹn á sì ṣì máa ṣiṣẹ́ nínú ara ẹni ẹlẹ́ni fún nǹkan bí ọjọ́ 30. Kí ló fẹ́ fi ṣe? Chloroplast tí ò bá ní ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀, kò ní pẹ́ tó fi máa bàjẹ́. Ó dà bí olè tó jí jẹnẹrétọ̀ gbé, tó wá padà lọ jí mẹkáníìkì tó ń tún un ṣe gbé. Tí ọjọ́ nucleus yẹn bá ti pé, àfi kó tún wá Geminigera míì lọ, tí ò bá sì sí nínú omi, wàhálà dé nìyẹn.

Òun nìkan kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ o. Nínú òkun Ross níbẹ̀ náà, ẹ̀dá tíntìntín oní-sẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ń pè ní dinoflagellate ń jí chloroplast ewéko omi tó ń jẹ́ Phaeocystis antarctica, wọ́n sì ti rí i nínú yàrá ìwádìí pé ó lè tọ́jú ẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún 2.

Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé wọ́n jọ ń ṣe fún ara wọn ni. Diatom, àwọn ewéko omi tí èèpo wọn jẹ́ irú nǹkan tí wọ́n fi ń ṣe gíláàsì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò lè yè láìsí fítámì B12, wọn ò sì lè ṣe é fúnra wọn, bakitéríà ló ń ṣe é, bakitéríà náà sì ń jẹ nínú ohun tó ń jáde lára diatom. Ní 2015 ni ìwádìí kan jáde láti McMurdo Sound yẹn kan náà, wọ́n rí i pé létí yìnyín, bí èròjà irin (iron) ṣe ń wọ́n nínú omi náà ni B12 ń wọ́n, àìtó méjèèjì ni ò jẹ́ kí ewéko omi dàgbà tó bó ṣe yẹ, bakitéríà kan ń ṣe B12, àwọn míì ń bá diatom du ú. Èmi ò rò pé ẹnikẹ́ni lè sọ pé òun mọ òkun yẹn tí ò bá mọ irú ọ̀rọ̀ báyìí.

Ní ìpẹ̀kun àríwá, ọ̀rọ̀ àsìkò ló wà níbẹ̀. Ẹ̀dá kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Calanus glacialis, ẹbí edé ni, kì í gùn ju mílímítà 5 lọ, ọ̀rá ló kún ara ẹ̀, ẹja, ẹyẹ, gbogbo wọn ló ń wá a jẹ. Nígbà tí oòrùn bá padà dé lẹ́yìn òkùnkùn oṣù bíi mélòó kan, ewéko tíntìntín máa kọ́kọ́ hù sí abẹ́ yìnyín gan-an, abo Calanus á jẹ ẹ́, á fi yé ẹyin. Ọmọ tó bá pa ò kọ́kọ́ ní jẹun, nígbà tó bá máa fi dàgbà tó ẹni tó ń jẹun, yìnyín á ti fọ́, ìmọ́lẹ̀ á wọlé, ewéko inú omi fúnra ẹ̀ á wá hù yàà, oúnjẹ ọmọ dé nìyẹn. Ní Rijpfjorden ní Svalbard, àwọn erékùṣù Nọ́wè níbẹ̀, tí wọ́n ti ṣọ́ ọ, oúnjẹ ìyá yọ lóṣù kẹrin, oṣù 2 lẹ́yìn ìyẹn ni tọmọ wá yọ. Tí yìnyín bá wá tètè fọ́ ńkọ́? Oúnjẹ ọmọ á yọ, á tán, ọmọ ò tíì dàgbà tó láti jẹ ẹ́.

Lápá Kánádà náà, láàárín 2004 sí 2008, wọ́n rí i pé bí omi yìnyín tó yọ́ ṣe ń bo ojú òkun, àwọn ewéko tó kéré jù lọ, irú Micromonas, ń pọ̀ sí i, àwọn tó tóbi díẹ̀ ń dín kù, torí omi tí ò níyọ̀ yẹn fúyẹ́, ó lé téńté sókè, kò jẹ́ kí ajílẹ̀ ìsàlẹ̀ gòkè wá. Calanus ò sì fi bẹ́ẹ̀ rí èyí tó kéré tóyẹn mú jẹ.

Ẹni tó bá ní kí ló kan àwa nínú ẹ̀, kó ṣí ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀ wò. Pánla tó ń wá láti Nọ́wè, ẹja cod ni, òkun Barents lókè Nọ́wè àti Rọ́ṣíà ló ń gbé, láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹrin ló máa ń wá yé ẹyin ní àwọn erékùṣù Lofoten ní Nọ́wè, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú un tí wọ́n ń so ó kọ́ sórí igi, wọn ò fi iyọ̀ sí i, atẹ́gùn tútù ló ń gbẹ ẹ́, ó di Nàìjíríà. Ẹyin ẹ̀ á bá omi lọ sókè àríwá, ọmọ ẹja tó bá pa nínú ẹ̀, ọmọ Calanus finmarchicus ló gbójú lé, ìbátan èyí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Nọ́wè àti Rọ́ṣíà ló jọ ń pín ẹja yẹn, fún ọdún 2025 wọ́n gé iye tí wọ́n lè pa kù sí tọ́ọ̀nù 340,000, torí ẹja ti dín kù, àwọn ọmọ tó ń dàgbà bọ̀ ò sì pọ̀ mọ́. Mi ò ní plankton nìkan ló fà á o, ẹja tí wọ́n ń pa náà wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tí ò bá mọ ohun tí ọmọ ẹja ń jẹ, kò lè mọ ìdí tí pánla fi wọ́n.

Torí náà Olóòtú, mo bẹ̀ yín, ẹ fún ọ̀rọ̀ yìí ní ojú ìwé kan, kódà kó jẹ́ ìlàjì. Ẹ rán akọ̀ròyìn lọ sí Nigerian Institute for Oceanography and Marine Research ní Victoria Island, kó bi wọ́n léèrè plankton òkun tiwa náà, èwo ló ń jẹ èwo, kí sì ni ooru ń ṣe fún wọn. Lẹ́yìn náà kó gba ọjà lọ, kó bá àwọn ìyá tó ń ta pánla sọ̀rọ̀ nípa bí owó ẹ̀ ṣe ń lọ, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ ní Yorùbá tó máa yé àwọn ìyá yẹn tí wọ́n bá kà á.

Èmi ni òǹkàwé yín,
láti Ìbàdàn.