Òfin Ìpínlẹ̀ Gbọ́dọ̀ Dárúkọ Ẹni Tí Yóò Máa Bẹ Àwọn Arúgbó Wa Wò

Sí Olóòtú,

Mo bẹ̀ yín kí ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde, nítorí àwa Yorùbá tí a wà ní Òkè Ọya, pàápàá àwa ti Kaduna, ń darúgbó síbi tí a ti ṣiṣẹ́ jẹun, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ti kó lọ sí Èkó, Àbújá tàbí òkè òkun. Àwọn tí wọ́n jẹ́ géńdé nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ Kakuri ṣì ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru ti di ẹni tí a ń gbé dìde lórí ibùsùn. Ẹni tó sì ń gbé wọn dìde, lọ́pọ̀ ìgbà, ni ọmọbìnrin kan tí wọ́n mú wá láti abúlé, tí àwọn ọmọ ń sanwó oṣù fún láti ọ̀nà jíjìn, tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ bí a ti ń tọ́jú aláìsàn.

Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, èmi àti àwọn obìnrin ìjọ wa sì máa ń lọ kí àwọn àgbàlagbà nílé. Bí mo bá dé ibẹ̀, ìdí àti gìgísẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà, tí a kò sì bá a yí i ní bíi wákàtí méjì-méjì, awọ ibi tó fi ń sùn yóò gbóná, yóò le, yóò dúdú sí i kí ó tó bó, egbò náà yóò sì máa jìn lọ títí yóò fi kan eegun. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ọwọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i. Mo bá irú egbò bẹ́ẹ̀ lára ìyá àgbà kan tí wọ́n ti da lọ́fínńdà sí gbogbo yàrá rẹ̀ kí òórùn má baà jáde. Káàdì báńkì rẹ̀ wà lọ́wọ́ olùtọ́jú, nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń gbowó sì wà lórí rẹ̀. Mi ò lè di gbogbo ẹ̀bi náà ru ọmọbìnrin yẹn, nítorí òun nìkan ló ń gbé ìyá, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń sè fún un, láìsí ọjọ́ ìsinmi kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé àgọ́ ọlọ́pàá, ohun tí wọ́n bi mí ni pé ta ló lù ú. Kò sí ẹni tó lù ú.

Kì í ṣe pé òfin kò sí. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 16, ní kí ìjọba pèsè ìtọ́jú ọjọ́ ogbó, ṣùgbọ́n abala 6 ìwé kan náà kò jẹ́ kí a lè pe ìjọba lẹ́jọ́ bí kò bá ṣe é. Òfin ọdún 2015 tó lòdì sí ìwà ipá, tó jẹ́ pé Àbújá nìkan ló dé, sọ pé ẹni tó bá pa ọkọ, aya, ọmọ tàbí ẹlòmíràn tí bùkátà rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ tì láìfún un ní ohun tí yóò jẹ, lè ṣe ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 3 lọ, tàbí kí ó san ìtanràn tí kò ju 500,000 náírà lọ, tàbí méjèèjì. Kaduna ṣe tirẹ̀ ní 2018. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó jà fún un. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìyá àgbà tí mo sọ yìí kò pa á tì. Owó wọn ń wọlé lóṣooṣù. Òfin tó ń wá ẹni tó ṣẹ̀ kò lè rí egbò tó ń jìn.

Ẹ rántí Rigasa, nínú Kaduna níhìn-ín, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, nígbà tí ọlọ́pàá kó àwọn tó lé ní 300, ọmọdé àti àgbà, jáde kúrò nínú ilé kan tí wọ́n ń pè ní ibi ẹ̀kọ́ àti àtúnṣe ìwà, tí wọ́n ti fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹbí ló mú púpọ̀ nínú wọn lọ síbẹ̀. Kí a má sì nàka sí ẹ̀sìn kan, nítorí àwọn ilé àdúrà àti ilé oníṣègùn tiwa náà ń de ẹni tí orí rẹ̀ dàrú mọ́lẹ̀. Bí ẹni tí òfin yàn bá ń wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ kò ní pẹ́ lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan yóò ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní ń mu, pé ọ̀rọ̀ ilé ni èyí. Mo gbà pé ọmọ ló ni òbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà ní Kánádà lè fowó ránṣẹ́, kò lè fọwọ́ kan ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ohun tí mò ń béèrè ni kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ṣe òfin tí yóò yan òṣìṣẹ́ kan, ó kéré tán, sí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú 23 tí a ní, tí aládùúgbò tàbí nọ́ọ̀sì lè pè, tó sì lè gba àṣẹ ilé ẹjọ́ wọlé bí wọ́n bá tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Kí gbogbo ibi tó ń gbowó tọ́jú àgbàlagbà gba ìwé àṣẹ. Kí àwọn olùtọ́jú gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, kí wọ́n sì ní ọjọ́ ìsinmi. Ẹni tó bá ní owó kò sí, kí ó wo Jigawa, tó bẹ̀rẹ̀ sí í san 7,000 náírà lóṣooṣù fún àwọn aláàbọ̀ ara lábẹ́ òfin tó ṣe ní 2007. Jigawa kò lówó ju Kaduna lọ.

Kí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Kaduna, Kano àti Jos kọ̀wé sí àwọn aṣòfin wọn. Àwọn ti Àbújá kò ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀; Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ ló ń ṣòfin fún wọn, ibẹ̀ sì ni kí wọ́n gbé tiwọn lọ. Bí wọ́n bá pe àpérò ìta gbangba lórí rẹ̀, èmi àti àwọn obìnrin ìjọ wa yóò wá sọ ohun tí a ń rí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Barnawa, Kaduna